Aṣọ Tuntun Késárì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ìtàn Ọba Tó Rìn Ní Ìhòòhò

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọdé lẹ́yìn ilé ìwé. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá látẹnu àwọn ọmọ, àwọn òbí wọn àti àwọn olùkọ́ tó fẹ́ kà á ní kíláàsì. Mo kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣíwájú, àwọn tó ta kókó ló gbẹ̀yìn.

Ìtàn wo gan-an ni?

Ìtàn késárì kan ni, tó fẹ́ràn aṣọ tuntun ju ohun gbogbo lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò jẹ ẹ́ lógún, eré orí ìtàgé kò wù ú wò, àfi tí yóò bá rí ibẹ̀ fi aṣọ rẹ̀ han aráyé. Wákàtí kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ló ní ẹ̀wù tirẹ̀. Bí èèyàn bá béèrè ọba mìíràn, wọ́n á ní ó wà pẹ̀lú ìgbìmọ̀, bí wọ́n bá béèrè tiwọn, èsì ni pé, “Késárì wà nínú yàrá aṣọ.”

Lọ́jọ́ kan, gbájúẹ̀ méjì wọ ìlú. Wọ́n ní ahunṣọ ni àwọn, pé aṣọ tí àwọn ń hun kò lẹ́gbẹ́, àti pé ó ní agbára kan: ẹni tí kò kún ojú ìwọ̀n ipò tó wà, tàbí ẹni tó gọ̀ kọjá ààlà, kò ní lè fojú rí i. Késárì kówó lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé òfì méjì kalẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń hun nǹkan, kò sì sí fọ́nrán òwú kan lórí òfì. Ṣẹ́dà dáradára àti òwú wúrà tí wọ́n ní kí wọ́n kó wá, inú àpò ara wọn ni gbogbo rẹ̀ wọ̀.

Késárì rán mínísítà àgbà kan lọ wò ó, lẹ́yìn náà ó rán ìjòyè kejì. Àwọn méjèèjì kò rí nǹkan kan, àwọn méjèèjì padà wá yin aṣọ. Késárì fúnra rẹ̀ lọ. Òun náà kò rí i, òun náà yìn ín. Nígbà tí ọjọ́ ìwọ́de ńlá pé, ó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, àwọn gbájúẹ̀ fi òfìfo “wọ̀ ọ́”, ó sì jáde sí ìgboro. Gbogbo ìlú ń kókìkí ẹwà aṣọ náà, títí ọmọ kékeré kan fi sọ pé kò wọ nǹkan kan.

Ta ló kọ ọ́, nígbà wo sì ni?

Hans Christian Andersen, ọmọ Dẹ́nmárkì, ló kọ ọ́. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1837 ni ó jáde ní Copenhagen, láti ọwọ́ C. A. Reitzel, nínú ìwé pẹlẹbẹ kan náà tí ìtàn ọmọdébìnrin inú òkun, ẹlẹ́ja nísàlẹ̀ èèyàn lókè, wà. *Kejserens nye Klæder* ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn.

Wọ́n bí Andersen ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1805 ní Odense. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bàtà, ó sì kú ní 1816. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ èyí kí wọ́n tó gbọ́ ìtàn náà: ọmọ alágbàfọ̀ ló kọ ìtàn aṣọ ọba. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bá àwọn èèyàn ńlá fọ aṣọ ti rí aṣọ wọn nígbà tí wọn kò sí nínú rẹ̀.

Ṣé ọba ni, àbí késárì?

*Kejser* ni Andersen kọ. Ọ̀rọ̀ yẹn àti “Késárì” inú Bíbélì wa, orísun kan náà ni wọ́n ti wá, orúkọ Késárì ará Róòmù. Ọba ni Dẹ́nmárkì ní nígbà náà, kò ní késárì, nítorí náà oyè yìí gbé ìtàn kúrò ní ààfin Copenhagen díẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní ọba nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́, kò bàjẹ́.

Ìlú wo ló ti ṣẹlẹ̀?

Ìtàn náà kò dárúkọ ìlú. Ohun tó sọ ni pé ìlú ńlá tó kún fún ayọ̀ ni, àti pé àlejò ń wọlé síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọkùnrin ni ọmọ tó sọ̀rọ̀, àbí obìnrin?

Andersen kò sọ. *Barn* ni ó lò, ó sì dà bí “ọmọ” tiwa, kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Àwọn ayàwòrán ló máa ń sọ ọ́ di ọkùnrin. Níhìn-ín Yorùbá ṣe wá lóore: ẹ sọ pé “ọmọ”, ẹ sọ pé “ó”, gbogbo ọmọ tó wà níwájú yín yóò lè fi ara rẹ̀ sí ipò náà.

Ṣé ìhòòhò goloto ni Késárì jáde?

Ìtàn náà ní ó bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ti fi ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ bo àṣírí rẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé. Èmi kò rí ohun tó burú nínú ìkankan. Àwọn ọmọ máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn kí ẹ tó máa bá ìtàn lọ.

Wọ́n ní ìtàn idán ni. Idán wo ló wà níbẹ̀?

Kò sí rárá. Èyí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù lọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yìí ti yàtọ̀ sí àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ìtàn ọmọdébìnrin inú òkun tí wọ́n jọ wà nínú ìwé kan, àjẹ́ òkun wà, ó se oògùn, oògùn náà sì jẹ́. Nínú ti Késárì, kò sí àjẹ́, kò sí oògùn, kò sí iwin. Òfì lásán ló wà, àti ọkùnrin méjì tó ń ju ọwọ́ lófìfo.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni àwọn gbájúẹ̀ mú wọ̀lú. Àwa Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè ṣiṣẹ́. Ọfọ̀ wà, èpè wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn kò mú aṣọ jáde láti ibi kankan. Ìbẹ̀rù tí oníkálukú ti ní nínú tẹ́lẹ̀ ló lọ bá. Mínísítà ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tó ti wà lórí àga pé bóyá àga náà ju òun lọ. Késárì ti ń bẹ̀rù pé bóyá orí òun kò tó adé. Gbájúẹ̀ kàn wá fún ìbẹ̀rù náà ní orúkọ ni, ó pè é ní aṣọ.

Ṣé gbogbo ìlú ló gọ̀ ni? Báwo ni irú irọ́ yẹn ṣe wọlé?

Wọn kò gọ̀. Ìtàn náà sọ ní kedere pé olóòótọ́ ni mínísítà àgbà, pé ó ní làákàyè, pé kò sẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa jù ú lọ. Ìdí tí Késárì fi rán an nìyẹn. Nígbà tó dé ibẹ̀ tó la ojú kalẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, kò ronú pé, “Irọ́ ni wọ́n ń pa.” Ohun tó rò ni pé, “Àbí mo gọ̀ ni? Àbí iṣẹ́ mi kò yẹ mí?” Ìbéèrè tó yẹ kó bi àwọn ahunṣọ, ara rẹ̀ ló bi í.

Ẹ wo ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Àwọn gbájúẹ̀ ń ka àwọn àwọ̀ fún un, wọ́n ń júwe ọnà ara aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa kí ó lè rí i sọ fún Késárì. Báyìí ni irọ́ ṣe ń rí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ìjòyè kejì yóò fi lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò méjì mọ́, ọ̀rọ̀ mínísítà ni. Nígbà tí Késárì yóò fi lọ, ọ̀rọ̀ àgbà ìjòyè méjì ni. Oníkálukú dúró níwájú òfì kan náà, oníkálukú rí òfìfo kan náà, ó sì rò pé òun nìkan ni kò rí i.

Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí àwùjọ máa ń mú ìtàn yìí ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé bí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ṣe lè máa tẹ̀ lé ohun tí kò sí ẹni tó gbà gbọ́ nínú wọn, kìkì nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé àwọn yòókù gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti jókòó ní ìpàdé kan rí, tí alága béèrè pé “Ṣé ó yé gbogbo wa?”, tí gbogbo orí mì, mọ ohun tí mo ń wí.

Ṣé Andersen ló hùmọ̀ ìtàn náà fúnra rẹ̀?

Rárá, òun náà kò sì fi pamọ́. Sípéènì ni ó ti wá. Ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Don Juan Manuel, tí wọ́n bí ní 1282, parí ìwé *El Conde Lucanor* ní 1335. Ìtàn 32 nínú rẹ̀ ni orírun èyí. Andersen kò kà á ní èdè Sípéènì. Ìtumọ̀ èdè Jámánì ni ó rí kà.

Nínú ti Sípéènì, gbájúẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n, agbára tí wọ́n sọ pé aṣọ náà ní sì yàtọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ bàbá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò ní rí i. Inú ọba dùn: ó rò pé òun yóò fi aṣọ náà mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀ àti ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú, òun yóò sì fi rí ogún kó sí àpò. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dé ìdí òfì tí kò rí nǹkan kan, ikú ló rí. Bí ó bá sọ ọ́, ìjọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí á túmọ̀ sí pé kì í ṣe ọmọ ọba tó bí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: gbájúẹ̀ ti Sípéènì mọ iṣẹ́ ju ti Andersen lọ, pàápàá tó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni wọ́n wọ̀. Pe Yorùbá ní òmùgọ̀, ó lè bá ọ jà kó sì gbàgbé. Pè é ní ọmọ àlè, o ti kan ìyá rẹ̀, o ti kan bàbá rẹ̀, o ti kan ilé. A ní, “Ọmọ àlè là á bí nínú tí kì í bínú, ọmọ àlè là á bẹ̀ tí kì í gbà.” Ta ló fẹ́ dìde láàárín ọjà pé òun kò rí aṣọ tí ọmọ àlè nìkan kì í rí?

Ta ló wá sọ òótọ́ nínú ti Sípéènì? Ṣé ọmọdé náà ni?

Kì í ṣe ọmọdé. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, tó ń tọ́jú ẹṣin ọba. Don Juan Manuel kò fún un lórúkọ. Ohun tó sọ nípa rẹ̀ ni pé kò ní ohun kan tó lè pàdánù.

Ọkùnrin náà lọ bá ọba, ó sì sọ fún un pé kò kan òun bí ọba bá ka òun sí ọmọ bàbá tí òun ń pè ní bàbá, tàbí ọmọ ẹlòmíì; nítorí náà òun ń sọ fún un pé, yálà ojú òun fọ́ ni, tàbí ìhòòhò ni ọba wà. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í bú u: ó ní nítorí pé kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀ ni kò ṣe rí aṣọ. Ẹlòmíì gbọ́, ó sọ bákan náà. Ẹnì kẹta sọ ọ́. Ìwé náà ní báyìí ni ọba àti gbogbo èèyàn ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù àtimọ òtítọ́. Wọ́n wá àwọn gbájúẹ̀ lọ, wọ́n ti kó gbogbo ohun tí wọ́n gbà, wọ́n ti lọ.

Mo máa ń dúró pẹ́ níbí bí mo bá ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún àti díẹ̀ kí Andersen tó fi ọmọdé sí ẹnu ọ̀nà, èèyàn dúdú ló dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n ka ìtàn yìí fún ní ilé ìwé kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́. Àwọn méjèèjì, ọmọdé àti olùtọ́jú ẹṣin, ipò kan náà ni wọ́n wà: kò sí oyè lórí wọn tí aṣọ náà lè gbà.

Ṣé òótọ́ ni pé ọmọdé kò sí nínú ìtàn Andersen ní àkọ́kọ́?

Òótọ́ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ kọ ọ́ tán, Késárì wọ aṣọ rẹ̀ jáde, ó dùn mọ́ ọn, ó ní òun yóò máa wọ̀ ọ́ nígbàkígbà tí òun bá ń lọ sí ìwọ́de, gbogbo ìlú sì ń sọ̀rọ̀ aṣọ àrà náà. Ibẹ̀ ló parí. Kò sí ohùn kankan tó tako ti ìlú.

Ìgbà tí ìwé ti wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ni ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Edvard Collin, pé kí wọ́n yọ ìparí náà kúrò kí wọ́n fi èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí i. Díẹ̀ báyìí ló kù kí a má gbọ́ “Men han har jo ikke noget paa!”, “Ṣùgbọ́n kò mà wọ nǹkan kan!”

Èmi rò pé ìparí àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ ju bí a ṣe fẹ́ kó rí lọ. Ọ̀pọ̀ irọ́ ló ń parí bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n kò ṣeé sọ fún ọmọdé kí ó tó sùn.

Ṣé ọba Dẹ́nmárkì ni Andersen ń bá wí?

Kò dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tó ti kọ ọ́. Láti 1660 ni ọba Dẹ́nmárkì ti ń dá ṣe ìjọba láìsí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, òfin wọn ti 1665 sì sọ pé kò sí adájọ́ kan lókè ọba àfi Ọlọ́run. “Kábíyèsí” ni òfin yẹn, bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan pè é: ká bi yín kò sí. Ọdún 1849 ni wọ́n tó kọ òfin tó fi òpin sí i. Frederik kẹfà ló wà lórí oyè ní 1837.

Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan nípa ìgbà èwe Andersen pé òun àti ìyá rẹ̀ dúró láàárín èrò láti wo ọba yìí. Nígbà tí ọba yọ, ọmọ náà kígbe pé, “Áà, èèyàn lásán mà ni!” Ìyá rẹ̀ yára pa á lẹ́nu mọ́, ó bi í bóyá orí rẹ̀ dàrú ni.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú, kí a má baà sọ Andersen di ajàjàgbara tí kò jẹ́. Ní 1838, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìtàn yìí jáde, ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní owó ọdọọdún, 400 rigsdaler, kí ó lè máa kọ̀wé. Ó gbà á pẹ̀lú ìdùnnú. Oyè àti ìbuyì wù ú títí ó fi kú ní 1875. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi mọ inú mínísítà àgbà yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe fún àwọn gbájúẹ̀?

Wọ́n fún wọn lóyè. Késárì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àgbélébùú akọni láti fi kọ́ àyà, ó sì fi wọ́n jẹ *Vævejunker*, oyè tí Andersen hùmọ̀ láti ara oyè ààfin tó wà lóòótọ́ ní Dẹ́nmárkì, tó wá fi iṣẹ́ aṣọ híhun rọ́pò ìdajì rẹ̀. Ìtàn kò sọ pé wọ́n mú wọn.

Ẹ má fojú fo òru tó ṣáájú ìwọ́de. Wọ́n tan àbẹ́là tó lé ní 16, kí gbogbo ìlú lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe àìsùn. Wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì gé afẹ́fẹ́, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tí kò ní òwú rán an. Ta ló máa rí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú tí á pè é ní ọ̀lẹ?

Ṣé ìtàn yìí kò ní kọ́ àwọn ọmọ wa ní àfojúdi?

Àwọn òbí ló ń béèrè èyí jù, mi ò sì fojú kékeré wò ó. Ilé tí mo ti dàgbà, ọmọ kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà.

Ẹ padà sínú ìtàn, ẹ wo ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an. Kò bú Késárì. Kò pè é ní òmùgọ̀. Ó sọ ohun tó rí, bàbá rẹ̀ ló sì wà nítòsí tó gbọ́ ọ. Àfojúdi ni kí ọmọ mọ̀ ọ́n mọ̀ fi àbùkù kan àgbà. Ọmọ yìí kò mọ̀ pé àbùkù wà níbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó máa bẹ̀rù.

Àṣà wa náà kò sọ pé kí òótọ́ má dé etí àwọn ńlá. Ó yan àyè fún un ni. Ní Kétu, òru Ẹ̀fẹ̀ wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí eégún Ẹ̀fẹ̀ á fi orin súre, tí á sì fi orin bá ẹni tó ṣìwà hù wí, ìbáà jẹ́ ìjòyè. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn, orin èébú kì í yọ olówó sílẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì wà láti sọ fún Aláàfin pé ó tó. Ibi tí kò bá sí irú àyè bẹ́ẹ̀, tí gbogbo àgbà dákẹ́, ọmọdé ni ọ̀rọ̀ á bọ́ sí lẹ́nu, ẹ̀bi kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Ṣé Yorùbá ní ìtàn tó jọ ọ́?

Èyí tó sún mọ́ ọn jù lára àwọn tí mo mọ̀ ni ìtàn ọba tó hùwo. Onígbàjámọ̀ nìkan ló rí ìwo náà, ọba sì kìlọ̀ fún un pé bó bá sọ ọ́, orí rẹ̀ á kúrò lọ́rùn. Àṣírí ń wú u nínú. Ó wa ihò sínú igbó, ó sọ ọ́ sínú ihò, ó bò ó. Igi hù níbẹ̀, ẹnì kan gé e fi ṣe fèrè, fèrè sì ń kọ pé ọba hùwo.

Wọn kì í ṣe ìtàn kan náà. Nínú tiwa, ẹnì kan ló mọ̀ tí gbogbo ìlú kò mọ̀. Nínú ti Késárì, gbogbo ìlú ló mọ̀, oníkálukú sì rò pé òun nìkan ni. Tiwa dá lórí àṣírí, tiwọn dá lórí ohun tó wà ní gbangba. Bí ẹ bá ní àkókò, ẹ sọ méjèèjì lálẹ́ kan, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ èwo ló ṣòro jù láti sọ síta.

Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ ní Yorùbá kó wọ àwọn ọmọ lára?

Ẹ má sọ fún wọn ṣáájú pé kò sí aṣọ. Ẹ júwe òfì, ẹ na ọwọ́ bí ẹni ń hun ún, ẹ bi ọmọ tó sún mọ́ yín jù pé, “Àwọ̀ wo lo rí?” Nígbà kan, ọmọ mẹ́rin dá mi lóhùn, pupa, ewéko, wúrà, búlúù, kí ẹ̀karùn-ún tó ní òun kò rí nǹkan kan. Wọ́n wo ojú ara wọn. Ìtàn ti wọlé nìyẹn, kí n tó dé ibi tí mínísítà wà.

Ẹ jẹ́ kí Késárì wà ní ìlú rẹ̀, lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n gbé sókè fún un, pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ gbé agbádá wọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ mú un wá sí Ìbàdàn. Ẹ má sì fi ẹ̀kọ́ kankan kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé ọmọ náà ló gba ìlú là?

Rárá. Bí a ṣe máa ń rántí ìtàn náà ni pé ọmọ sọ̀rọ̀, irọ́ sì wó. Bí Andersen ṣe kọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Bàbá ọmọ náà ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Olúwa Ọlọ́run, ẹ gbọ́ ohùn aláìmọwọ́-mẹsẹ̀!” Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ń sọ ọ́ sí ẹnì kejì létí wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ń sọ: wọn kò tíì sọ pé, “Kò wọ nǹkan kan.” Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, “Ọmọ kékeré kan ní kò wọ nǹkan kan.” Orí ọmọ ni wọ́n ṣì gbé e lé, kí ó má baà di ọ̀rọ̀ tiwọn. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni gbogbo ìlú tó kígbe rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ara wọn.

Àgbà ló kún ọ̀nà láàárín ọmọ náà àti igbe ìlú. Bí bàbá yẹn bá ti fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ni, bí ìyá Andersen ṣe ṣe, aṣọ náà ì bá ṣì wà lára Késárì.

Kí ló dé tí Késárì kò sáré padà sílé?

Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ìbéèrè yìí ló le jù, àwọn ọmọ ló sì máa ń béèrè rẹ̀. Àwọn àgbà kì í béèrè. Ara Késárì bù ú, nítorí ó dà bíi pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rò nínú ara rẹ̀ pé òun gbọ́dọ̀ rin ìwọ́de náà parí. Ó wá gbé àyà sókè sí i, ó ń yan lọ.

Kí ìlú tó pariwo, a lè ní wọ́n tan án. Lẹ́yìn ariwo, kò sí ẹni tó ń tan án mọ́. Àwọn gbájúẹ̀ kò sí nítòsí, idán tí kò sí tẹ́lẹ̀ kò tún wá wà. Ohun tó kù ni pé ó ti jáde, èèyàn ń wò ó, bó bá sì yíjú padà, ìyípadà náà ni yóò jẹ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ó yàn láti wà ní ìhòòhò títí dé òpin ọ̀nà ju kí ó sọ pé òun ṣìnà lọ.

Ojú rẹ̀ kọ́ ni mo sì máa ń wò níbẹ̀. Àwọn ẹmẹ̀wà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n gbé etí aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ti tẹ ọwọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni ń mú nǹkan, wọ́n ti gbé e sókè. Àwọn náà gbọ́ igbe ìlú. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ ọwọ́ kalẹ̀.